Fẹ́ẹ̀tì Inú Dísítíríbútọ̀: Ohun Kékeré Tí Kì Í Ṣe Yẹpẹrẹ

Ó ti mọ́ yín lára pé ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, ọ̀rọ̀ kòkòrò tí ń jẹ irúgbìn àti ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń kó irè pamọ́ sí àká ni a máa ń bá yín sọ lójú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a gbé wá. Ẹ má ṣe wí pé kí ló kan àgbẹ̀ níbẹ̀. Irè tí kò bá dé ọjà ní àsìkò, bí ẹni pé a kò gbìn ín ni.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ náà wá nìyí. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù Píjò 504 kan wà tí a jọ ń lò láti fi kó ẹrù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó kó apẹ̀rẹ̀ tòmátò, ata rodo àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ láti ìhà Nyanya, ó forí lé àárín ìlú Abuja. Nígbà tí ó dé òkè Kugbo, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í fà tìkọ̀tìkọ̀, ó ń dún pọ̀ọ́ pọ̀ọ́ láti ẹnu páìpù èéfín, nígbà tí ó ṣe, ó kú pátápátá. Awakọ̀ wa pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, kò jẹ́. Ó fọ kábúrétọ̀, kò jẹ́. Oòrùn pa ẹrù náà títí ọ̀sán fi pọ́n. Ìyá mẹ́ta ni ó ni ẹrù inú ọkọ̀ náà. Wọ́n ta ìwọ̀nba tí kò tíì rà ní ẹ̀bá títì ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n da ìyókù nù, wọ́n sì fi omijé padà sílé.

Nígbà tí a fa ọkọ̀ náà dé abúlé àwọn mẹkáníìkì ní Kugbo, àgbà oníṣẹ́ kan ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀, ó yọ rótọ̀ inú rẹ̀, ó tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì bi wá pé, "Ta ni ó yọ fẹ́ẹ̀tì inú èyí?" A wo ara wa lójú. A kò mọ ohun tí ń jẹ́ fẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣàlàyé bí ó ti rí, a rántí. Ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, a ti gbé dísítíríbútọ̀ náà fún oníṣẹ́ kan ní ibòmíràn kí ó tú u palẹ̀, kí ó sì tún un tò. Ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó fi kọ́ńtáàtì tuntun sí i. Ṣùgbọ́n ó rí ẹyọ nǹkan dúdú róbótó kan ní orí ọ̀pá rẹ̀, ó fi ṣóńṣó irin yọ ọ́, ó sọ ọ́ nù. Àwa náà wà níbẹ̀, a rí i nígbà tí ó sọ ọ́ nù. A rò pé ìdọ̀tí ni.

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohun tí àgbà oníṣẹ́ Kugbo náà kọ́ wa ní ọjọ́ yẹn, àti ohun tí a tún wádìí lẹ́yìn rẹ̀, ni a fẹ́ là yé yín, kí ẹlòmíràn má baà pàdánù bí àwa ti pàdánù.

ỌKỌ̀ WO NI Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÀN?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ tí ń lo epo bẹntiróòlù, tí ó sì ní dísítíríbútọ̀ oníkọ́ńtáàtì. Irú wọn pọ̀ ní ilẹ̀ wa ní ìgbà kan. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Píjò ní Kaduna. Ní ọdún kan náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ìjàpá ní Ọ̀jọ́, ní Èkó. Ẹ fi àwọn Land Rover àti lọ́rì Bedford àtijọ́ tí ń lo bẹntiróòlù kún un. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti dàgbà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń tọ́jú tirẹ̀ mọ̀ pé òòlù, sípánà àti súkúdíráfà tó láti fi tún wọn ṣe. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ kan kò fi tíì jọ̀wọ́ wọn.

Ọkọ̀ tí ń lo dísù kò ní irú dísítíríbútọ̀ yìí rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé òde òní, kọ̀ǹpútà ni ó ń darí iná plọ́ọ̀gì tiwọn. Ẹni tí ó bá ní irú ìyẹn lè ka ọ̀rọ̀ yìí fún ìmọ̀ lásán.

IṢẸ́ WO NI DÍSÍTÍRÍBÚTỌ̀ Ń ṢE?

Bátìrì ọkọ̀ kò lágbára ju volt 12 lọ. Iná yìí kéré jù láti fò kọjá ẹnu plọ́ọ̀gì. Kọ́ìlì ni ó ń sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt. Ṣùgbọ́n kọ́ìlì kì í dá a ṣe. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé a fún un ní iná bátìrì, kí a sì já iná náà lójijì. Kọ́ńtáàtì inú dísítíríbútọ̀ ni ó ń já a. Bí kọ́ńtáàtì bá ti là, agbára iná á jáde láti inú kọ́ìlì, rótọ̀ á sì gbé e fún plọ́ọ̀gì tí ó kàn. Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà, ni ó mú irú ètò yìí wọ inú ọkọ̀ Cadillac ní nǹkan bí ọdún 1910. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ bíi Delco ní Amẹ́ríkà, Bosch ní Jámánì, Lucas ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ducellier ní ilẹ̀ Faransé ṣe é ní oríṣiríṣi.

Kí ni ó ń la kọ́ńtáàtì? Ọ̀pá irin kan wà láàrin dísítíríbútọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Ní òkè ọ̀pá náà ni irin kan wà tí ó ní igun mẹ́rin, káàmù ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Kọ́ńtáàtì ní gìgísẹ̀ kékeré kan tí ó fara ti káàmù yìí. Bí igun kan bá ti dé ibi gìgísẹ̀, ó tì í, kọ́ńtáàtì á sì là.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì onípísítìnnì mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀pá dísítíríbútọ̀ ń yí ní ìdajì rẹ̀, èyí ni 1,500. Igun mẹ́rin ni káàmù ní. Nítorí náà, ìgbà 6,000 ni igun ń gba ara gìgísẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó jẹ́ ìgbà 360,000 ní wákàtí kan. Irin ń fi ara ha gìgísẹ̀ kékeré tí kò tó èékánná ọmọdé. Bí kò bá sí ohun tí ó ń fi òróró pa ibẹ̀, báwo ni gìgísẹ̀ náà kò ṣe ní jẹ?

KÍ NI FẸ́Ẹ̀TÌ?

Irun àgùntàn ni fẹ́ẹ̀tì. Wọn kò ran án, wọn kò sì hun ún bí a ti ń hun aṣọ òfì. Wọ́n rin ín ní omi gbígbóná, wọ́n fi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ rà á, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ títí àwọn irun náà fi dì mọ́ ara wọn. Irun àgùntàn ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Ìpẹ́ yìí ni ó ń há mọ́ ara wọn tí wọn kò fi tú mọ́.

Láàrin irun wọ̀nyí ni àyè tín-ín-rín wà lọ́pọ̀lọpọ̀. Inú àyè wọ̀nyí ni ọ́ìlì ń dúró sí. Ẹ rántí fìtílà àwọn ìyá wa. Òwú kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ́ sínú epo, òwú náà á sì máa fa epo gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò ní da epo sílẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí iná kú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fẹ́ẹ̀tì ń ṣe. Ó gba ọ́ìlì mọ́ra, ó sì ń pín in ní ìwọ̀nba fún irin tí ó kàn án. Bí a bá ta ọ́ìlì sí ara irin lásán, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìyípo á ti fọ́n ọn dànù. Inú fẹ́ẹ̀tì, ó lè pẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù.

IBI MẸ́TA TÍ A TI LÈ BÁ A

Dísítíríbútọ̀ kò dọ́gba. Òmíràn ní fẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, òmíràn ní ẹyọ kan. Àwọn ibi tí ẹ ó wò nìyí.

Èkíní ni orí ọ̀pá, lábẹ́ rótọ̀. Eléyìí ni ó wọ́pọ̀ jù, òun sì ni wọ́n yọ nù nínú tiwa. Ẹ ó rí ihò róbótó kan ní àárín gbùngbùn orí káàmù, fẹ́ẹ̀tì kékeré á sì wà nínú rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé káàmù kì í ṣe ara ọ̀pá gan-an. Ó dé ọ̀pá lórí bí fìlà ti ń dé orí, ó sì gbọ́dọ̀ lè yí díẹ̀ lórí rẹ̀. Inú àyè tín-ín-rín tí ó wà láàrin fìlà àti orí yìí ni ọ́ìlì ti fẹ́ẹ̀tì ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ọ́ìlì lè gbà dé ibẹ̀.

Èkejì ni ẹ̀gbẹ́ káàmù. Nínú àwọn dísítíríbútọ̀ kan, pàápàá ti Delco, fẹ́ẹ̀tì kan wà tí a so mọ́ àwo tí kọ́ńtáàtì jókòó lé, tí ó ń fi ara kan káàmù bí ó ti ń yí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa fi gírísì pa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí gìgísẹ̀ má baà jẹ.

Ẹ̀kẹta ni ìsàlẹ̀, lára búùṣì. Búùṣì ni òrùka idẹ tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀. Ní àwọn dísítíríbútọ̀ kan, fẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn búùṣì yìí láti máa fún un ní ọ́ìlì, ihò kékeré oníìdérí á sì wà ní ìta tí a ń gbà ta ọ́ìlì sí i.

Ẹ ṣọ́ra o. Nínú àwọn Lucas àtijọ́ kan, súkúrúù ni ẹ ó bá ní orí ọ̀pá lábẹ́ rótọ̀, ẹ kò ní bá fẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe wá fẹ́ẹ̀tì tì bọ̀ ọ́, ẹ má sì tú súkúrúù náà nítorí ọ́ìlì. Àyè ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbà wọlé.

BÍ FẸ́Ẹ̀TÌ BÁ GBẸ TÀBÍ TÍ Ó SỌNÙ

Ìyà méjì ni ó ń jẹ ọkọ̀.

Ìyà kìíní ni ti gìgísẹ̀ kọ́ńtáàtì. Bí káàmù bá gbẹ, gìgísẹ̀ á máa jẹ. Bí ó ti ń jẹ, àlàfo kọ́ńtáàtì á máa dín kù. Bí àlàfo bá ti dín kù, iná plọ́ọ̀gì á máa pẹ́ kí ó tó ta. Ọkọ̀ á ṣòroó dáná, kò ní lágbára lórí òkè, ẹnu kọ́ńtáàtì á sì máa jó. Nígbà tí àlàfo bá tán pátápátá, kọ́ńtáàtì kò ní là mọ́. Ọkọ̀ dúró nìyẹn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní òkè Kugbo gan-an nìyí. Nínú tiwa, oníṣẹ́ àkọ́kọ́ kò fi gírísì kankan sí káàmù nígbà tí ó fọ̀ ọ́ tán, kò sì dá fẹ́ẹ̀tì padà. Oṣù méjì péré ni kọ́ńtáàtì tuntun fi jẹ tán.

Ìyà kejì fara sin ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọdẹ tí ó fẹ́ yìnbọn fún ẹtu tí ń sáré kì í dojú ìbọn kọ ibi tí ẹtu wà. Iwájú ẹtu ni ó ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni iná plọ́ọ̀gì. Epo inú ẹ́ńjìnnì kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré sí i, ó yẹ kí iná tètè ta sí i. Òkúta irin méjì àti sípíríngì méjì ni ó wà nínú ikùn dísítíríbútọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Bí ọ̀pá bá ń yí kíákíá, òkúta á ṣí síta, á sì ti káàmù síwájú díẹ̀ lórí ọ̀pá. Bí eré bá dín kù, sípíríngì á fà á padà.

Bí orí ọ̀pá bá ti gbẹ, tí ó sì dógùn-ún, káàmù kò ní lè lọ, kò sì ní lè bọ̀. Bí ó bá há sí ẹ̀yìn, iná á máa pẹ́ jù: ọkọ̀ á gbóná, á rọ, á sì máa mu epo bí ẹṣin tí ń mu omi. Bí ó bá há sí iwájú, iná á máa yá jù: ẹ́ńjìnnì á máa kan gbọ̀ngbọ̀n lórí òkè, á sì máa ta padà nígbà tí a bá fẹ́ dáná sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pààrọ̀ kábúrétọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ kọ́ìlì, wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀kán ọ́ìlì méjì ni ọkọ̀ náà ń béèrè.

Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ ohun tí lítà kan túmọ̀ sí. Ọkọ̀ tí iná rẹ̀ ń pẹ́ ń jẹ èrè oko yín lójú ọ̀nà.

ÌDÁNWÒ TÍ ẸNIKẸ́NI LÈ ṢE

Ẹ lè ṣe ìdánwò yìí fúnra yín nílé, láìsan kọ́bọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ ojú bátìrì kan. Ẹ ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀. Ẹ fi ọwọ́ mú rótọ̀, kí ẹ sì yí i síhà ibi tí ó máa ń yí sí. Ó yẹ kí ó lọ díẹ̀, bí ẹni pé ó ń fà lára rọ́bà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ó yẹ kí ó padà fúnra rẹ̀ sí àyè rẹ̀.

Bí ó bá padà wéré, orí ọ̀pá ní ọ́ìlì. Bí ó bá ń rá pálá padà, ó ti ń gbẹ. Bí kò bá lọ rárá, tàbí tí ó lọ tí kò padà, ó ti há. Ẹ tètè gbé e lọ fún oníṣẹ́.

Àwọn ìjàpá Volkswagen kan wà tí dísítíríbútọ̀ wọn kò ní òkúta irin, tí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ni ó ń ti àwo kọ́ńtáàtì. Rótọ̀ tiwọn kò ní lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi mẹkáníìkì yín kí ẹ tó sọ pé ó bàjẹ́.

BÍ A ṢE Ń TÚN DÍSÍTÍRÍBÚTỌ̀ TÒ PẸ̀LÚ FẸ́Ẹ̀TÌ RẸ̀

Iṣẹ́ oníṣẹ́ ni títú palẹ̀, a kò ní kí gbogbo yín sọ ara yín di mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí iṣẹ́ ti ń lọ, ojú rẹ̀ á là nígbà tí wọ́n bá ń ṣe tirẹ̀.

1. Kí wọ́n tó yọ dísítíríbútọ̀, kí wọ́n fi ààmì sí ibi tí rótọ̀ kọjú sí àti ibi tí ara dísítíríbútọ̀ jókòó sí. Bí a kò bá ṣe èyí, ìgbà tí a bá dá a padà, iná kò ní ta ní àsìkò.

2. Bí wọ́n bá ti ń tú u, kí wọ́n kó gbogbo fẹ́ẹ̀tì sínú agolo kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyíkéyìí bọ́ sílẹ̀. Ẹ ka iye wọn.

3. Kí wọ́n fi epo òyìnbó tàbí bẹntiróòlù fọ irin, ní ìta gbangba, níbi tí kò sí iná, tí ẹnikẹ́ni kò sì mu sìgá. Fẹ́ẹ̀tì tí ó ṣì rọ̀, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú bẹntiróòlù, kí wọ́n fún un, kí wọ́n sì sá a títí yóò fi gbẹ. Fẹ́ẹ̀tì tí ó ti le bí awọ bàtà ti kú, tuntun ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

4. Kí wọ́n di ọ̀pá mú, kí wọ́n mì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ó bá ń gbò jìgìjìgì, búùṣì ti jẹ. Kò sí fẹ́ẹ̀tì tí ó lè wo èyí sàn. Búùṣì tuntun ni kí wọ́n fi sí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fún wákàtí 24. Idẹ búùṣì náà ní ihò wẹ́wẹ́ tí ń mu ọ́ìlì. Oníṣẹ́ tí ó bá kàn mú un láti inú páálí tí ó sì lù ú wọlé ní gbígbẹ ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́.

5. Kí wọ́n gé fẹ́ẹ̀tì tuntun kí ó tóbi ju ihò rẹ̀ lọ díẹ̀ bíńtín, kí ó lè há. Àwọn àgbà oníṣẹ́ máa ń pọ́n ẹnu páìpù irin tín-ín-rín, wọ́n á gbé e lé fẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kan. Á gé e róbótó. Kí okùn irun kankan má ṣe yọ jáde, nítorí ó lè lọ sùn sí ẹnu kọ́ńtáàtì.

6. Kí wọ́n rẹ fẹ́ẹ̀tì náà sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun di ọjọ́ kejì, kí wọ́n fún un títí tí kò fi ní kán mọ́, kí wọ́n tó fi í sí àyè rẹ̀. Kí wọ́n má lo ọ́ìlì dúdú tí a tú láti inú ẹ́ńjìnnì. Ìdọ̀tí irin wà nínú rẹ̀.

7. Ní ti fẹ́ẹ̀tì tí ń kan káàmù, gírísì ni kí wọ́n lò, irú èyí tí ooru kì í tètè yọ́. Ìwọ̀n orí ìṣáná tó. Bí dísítíríbútọ̀ kò bá ní fẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀gbẹ́ káàmù, kí wọ́n fi ìka pa gírísì fẹ́ẹ́rẹ́ sí ara káàmù fúnra rẹ̀.

8. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wọn àlàfo kọ́ńtáàtì pẹ̀lú fílà géèjì. Fún ìjàpá Volkswagen àti Píjò 504, 0.4 mílímítà ni. Ti Lucas máa ń wà láàrin 0.35 àti 0.40. Kí wọ́n yẹ àsìkò iná wò pẹ̀lú, nítorí bí àlàfo bá yí padà, àsìkò iná náà ti yí padà nìyẹn.

BÍ A ṢE Ń DÁ OJÚLÓWÓ FẸ́Ẹ̀TÌ MỌ̀

Kugbo wà lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ti Abuja lọ sí Keffi, iṣẹ́ ọwọ́ méjì sì ni ó sọ ibẹ̀ di olókìkí: ti àwọn mẹkáníìkì àti ti àwọn tí ń kan àga. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi aṣọ bo àga, ẹ ó rí àjákù oríṣi aṣọ kan tí ó rí bí fẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíràn á sọ pé kí ẹ gé nínú rẹ̀. Ẹ má tètè gbà, nítorí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ti ike, kò ní irun àgùntàn nínú.

Ìdánwò rẹ̀ rọrùn. Ẹ fa okùn díẹ̀ yọ lára rẹ̀, kí ẹ tàn án níná, níbi tí ó jìnnà sí epo. Bí ó bá rùn bí irun orí tí iná jó, tí ó sì di eérú tí ń rún lọ́wọ́, irun àgùntàn ni. Bí ó bá yọ́, tí ó sì di kókó dúdú líle bí ìlẹ̀kẹ̀, ike ni. Ẹ dá a padà. Ike kì í di ọ́ìlì mú bí irun àgùntàn, bí ooru ẹ́ńjìnnì bá sì mú un, ó lè súnkì kí ó sì bọ́ jáde.

ÀṢEJÙ BABA ÀṢETẸ́

Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ wa dé ibí yìí lè dìde, kí ó gbé agolo ọ́ìlì, kí ó sì dà á sínú dísítíríbútọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì tí ó bá pọ̀ jù, ìyípo á fọ́n ọn sí ẹnu kọ́ńtáàtì. Iná tí ń ta níbẹ̀ á jó o, á di èédú, èédú yìí á sì dínà iná bátìrì. Ọkọ̀ á tún dúró, bí ìgbà tí kò sí ọ́ìlì rárá.

Nínú ọyẹ́, nígbà tí eruku bá gba gbogbo ìhà Abuja, àpọ̀jù ọ́ìlì á fa eruku mọ́ra. Eruku àti ọ́ìlì tí ó pò pọ̀ dà bí òkúta ìpọ́nbẹ, wọ́n á máa lọ irin náà jẹ. Nítorí náà, ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta ni ti fẹ́ẹ̀tì orí ọ̀pá, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu èyí tí ó bá ṣẹ́ kù. Kí ẹ sì rí i pé ìdérí dé dáadáa, pé kò là, nítorí eruku nínú ẹ̀ẹ̀rùn àti ọ̀rinrin nínú òjò.

ÌTỌ́JÚ LÁTI ÌGBÀ DÉ ÌGBÀ

Ọkọ̀ tí ń ná ọjà lójoojúmọ́, ẹ ta ẹ̀kán ọ́ìlì méjì sí fẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà tí ó bá ti rin nǹkan bí 10,000 kìlómítà. Bí ẹ kò bá lè ka kìlómítà, nítorí pé géèjì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ti kú, ẹ fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́. Ẹ wo àlàfo kọ́ńtáàtì ní àkókò kan náà. Kọ́ńtáàtì tuntun máa ń tètè jẹ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà, ẹ tún un wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá fi í sí i.

Àwọn kan ti yọ kọ́ńtáàtì kúrò nínú ọkọ̀ àtijọ́ tiwọn, wọ́n ti fi ẹ̀rọ mìíràn tí kò ní gìgísẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òkúta irin àti sípíríngì bá ṣì wà nínú ikùn rẹ̀, orí ọ̀pá ṣì ń béèrè ọ́ìlì. Kí wọ́n má ṣe tìtorí pé kọ́ńtáàtì ti lọ, kí wọ́n gbàgbé fẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀RỌ̀ ÌKẸYÌN

Píkọ́ọ̀pù wa ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Àgbà oníṣẹ́ Kugbo náà fi kọ́ńtáàtì mìíràn sí i, ó gé fẹ́ẹ̀tì tuntun, ó rẹ ẹ́ mọ́jú. Ó pe àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó, ó sì ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ yí rótọ̀ kí ó lè mọ bí ó ti yẹ kí ó rí lọ́wọ́. Ó dùn mọ́ wa nínú, nítorí àwọn ọmọ wa kan wà lára àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì, ẹ ka ojú ìwé yìí sí wọn létí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọkọ̀ lọ fún àtúnṣe, ẹ má ṣe jókòó sí ìdí ọlọ́tí nígbà tí wọ́n bá ń tú u. Ẹ dúró tì í, kí ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè pé: "Ọ̀gá, fẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dà? Ṣé ẹ ti rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì?" Oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Ó tilẹ̀ lè fi yín ṣe ọ̀rẹ́.

A kò lè dá tòmátò àwọn ìyá mẹ́ta wọ̀nyẹn padà. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ kan nínú yín bá lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀ lónìí, tí ó yọ rótọ̀, tí ó sì fi ẹ̀kán ọ́ìlì méjì sí ibi tí ó gbẹ, ẹrù ẹlòmíràn á gun òkè Kugbo láìdúró. Ẹ kú ọ̀nà o. Ọkọ̀ á re, ọkọ̀ á bọ̀.